Sìgá Kẹrin

Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀ ná, bàtà yẹn ò ní sá lọ, ẹni tó ni ín gan-an ti gbàgbé pé òun ní bàtà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí inú mi tó bẹ́, torí láti iléeṣẹ́ ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, mi ò yà sílé, mi ò bọ́ épírọ́ọ̀nù, ẹ wò ó lọ́rùn mi bó ṣe wà, mo kàn ń rìn ni títí mo fi rí àwòrán bàtà tí ẹ kùn sára ilẹ̀kùn yín. Wọ́n ti gbé àga náà fún un. Àga Baba Atọ́wò. Wọ́n gbé e fún Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ wo kẹ̀? Ṣé Jẹ́jẹ́ méjì la ní ni? Jẹ́jẹ́ tí mo mú wá kí yín níbí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tó jókòó sórí àpótí yẹn, tí ẹ bá a lẹ gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ tó ṣí, tó lọ tán tí ẹ ní ọmọ náà níwà, pé kí n mú un mọ́ra. Mo mú un mọ́ra. Ẹ wá wo ibi tí mo mú un dé.

Èmi ni mo kọ́ ọ, Bọ̀ọ̀dá. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi ewé tábà ká sìgá nídìí tábìlì yẹn, gbogbo ìka mi ti pọ́n, omi ò fọ̀ ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọbìnrin yìí wọlé, kò mọ ewé inú yàtọ̀ sí ewé ìbora. Èmi ni mo fi hàn án pé a kì í rún ewé inú pọ̀ bí ìgbà téèyàn ń di ẹrù, ńṣe là ń ṣẹ́ ẹ po ní ìpele ìpele kí atẹ́gùn lè rọ́nà gbà láàárín rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé kejì dì í, bí wọ́n ṣe ń na ewé ìbora lórí pátákó títí tí kò fi ní hunjọ níbì kankan, títí tá á fi dán bí awọ tuntun tí ẹ kò tíì fi ìṣó kàn. Orí sìgá nìkan, ibi tí èèyàn ń fi sẹ́nu, oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Mo ní kó lo ọ̀tún, kò ṣeé ṣe, mo ní kó máa lo òsì rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí èmi bá pa orí sìgá dé, ìṣẹ́po kékeré tó kẹ́yìn á tẹ̀ sápá ọ̀tún, tirẹ̀ á tẹ̀ sápá òsì. Ojú ẹlòmíì ò lè rí i. Èmi ń rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú mi.

Rárá, ẹ má dá mi dúró. Kí lẹ sọ? Owú?

Owú kọ́. Ẹ má pè é lówú. Kí ni màá jowú lára rẹ̀? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ tí kì í pọ́n ni? Tábà kan náà là ń fọwọ́ bà, Bọ̀ọ̀dá, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ tèmi dà bí èyí tí wọ́n fi osùn kùn, tirẹ̀ dà bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ṣé ti ọ̀gá ni? Ọ̀gá máa wọ gbọ̀ngàn wá, á gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi kọjá, á dúró nídìí tirẹ̀, á mú sìgá kan, á gbóòórùn rẹ̀, á di ojú. Bó bá dúró nídìí tèmi, á jẹ́ pé ó fẹ́ béèrè ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Baba Atọ́wò tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bu tíì sí ife tí á gbé e dé iwájú ọmọ yẹn. Ọdún méjìlélógún. Mi ò tíì mọ bí tíì baba yẹn ṣe rí lẹ́nu.

Ẹ ò mọ àga yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wò mí báyìí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà, awọ pupa ni wọ́n fi bo ìjókòó àti apá rẹ̀, ó ti gbó níbi tí baba máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ló máa tọ́ iṣẹ́ àná wò. Á kọ́kọ́ fi ìka tẹ sìgá náà láti orí dé ìdí, bóyá ó rọ̀ níbì kan, bóyá ó le níbì kan. Á fà á láì tíì tan iná sí i, kó mọ bí atẹ́gùn ṣe ń gba inú rẹ̀. Á wá tanná sí i, á mu ún díẹ̀díẹ̀, kò ní gbé èéfín mì, á jẹ́ kó yí lẹ́nu. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ta díẹ̀ bí ata, àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, kó máa mú kọfí wá sí èèyàn lọ́kàn, tàbí igi gbígbẹ, tàbí awọ bíi ti ṣọ́ọ̀bù yín yìí. Bó bá sún mọ́ ìparí, tí kò korò, àpótí onígi ló ń lọ, wọ́n á fi òrùka ìwé olómi góòlù sí i níbàdí. Bó bá korò, apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń sọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti èyí tó jẹ́ pàǹtí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láti ọdún tí mo ti débẹ̀ ni mo ti ń wo ẹ̀yìn àga náà.

Nígbà tí dókítà wá ní kí baba má fi èéfín kan ẹnu mọ́, gbogbo ilé mọ̀ pé èmi ló kàn. Àwọn tó ń ṣa ewé ti ń kí mi. Àfi bí ọ̀gá ṣe dìde tó ní ẹni méjì ni òun ń wò, èmi àti Jẹ́jẹ́, pé a máa dán wa wò. Èmi àti ọmọ tí mo kọ́. Mo rẹ́rìn-ín síta, Bọ̀ọ̀dá.

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Kálukú wa máa ká ìdì mẹ́ta, sìgá mẹ́ta nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ewé kan náà, ní ọjọ́ kan náà. Wọ́n á tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ewé wọn lè fara balẹ̀. Baba á wá da ìdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, kò ní fi òrùka ìwé sí ìkankan, nọ́ńbà nìkan. Nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, èmi á mu ọ̀kan, òun á mu ọ̀kan, ẹ̀kẹta á wà lọ́wọ́ baba. Méjì lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta, kálukú nínú yàrá tirẹ̀, ká kọ ohun tí a rí sílẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, nọ́ńbà kìíní tẹ̀ sí ọ̀tún. Tèmi nìyẹn. Mo mu ún, ó dára, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì tẹ̀ sí òsì. Tirẹ̀. Mo ní ó fúyẹ́. Ọjọ́ kejì, ẹ̀kẹta tẹ̀ sí ọ̀tún, mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ àgbà ni. Mo wá mú ẹ̀kẹrin, orí rẹ̀ tẹ̀ sí òsì.

Bọ̀ọ̀dá, mi ò tíì fi iná kàn án tí ẹnu mi ti korò. Mo ní, ìwọ nìyí. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tí kì í pọ́n, mo rí ife tíì yẹn, mo rí ọ̀gá tó di ojú. Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó ká èyí ń kánjú, pé ó le láti fà, pé ẹ̀gbẹ́ kan ń jó ju èkejì lọ, pé eérú rẹ̀ ò dúró, pé ìparí rẹ̀ korò bí oògùn. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé apẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n dà á sí.

Ọjọ́ kẹta, méjèèjì tẹ̀ sí òsì. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣí á bi ara rẹ̀ pé, ẹ̀kẹta tèmi dà? Èmi náà bi ara mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èsì tí mo fún ara mi: mo ní wọ́n ti yọ ọ́. Mo ní Jẹ́jẹ́ ti lọ bá baba, wọ́n ti yọ tèmi kan, wọ́n ti fi tirẹ̀ kún un. Mi ò sùn dáadáa. Mo ń kó ẹjọ́ jọ.

Ni a bá pé jọ ní gbọ̀ngàn láàárọ̀ yìí, gbogbo àwọn tó ń ká sìgá, àwọn tó ń ṣa ewé, àní obìnrin tó ń lẹ àpótí náà wá. Baba ò tíì ṣí ìwé tí mo ti dìde. Mo ní, ẹ mú ìdì mi kẹta jáde. Mo ní wọn kì í rẹ́ ẹni tó ti lo ọdún méjìlélógún jẹ. Mo ní ẹni tó bá mọ bó ṣe pòórá kó jẹ́wọ́, mo sì kọjú sí ọmọ yẹn bí mo ṣe ń sọ ọ́, kí gbogbo wọn lè mọ ẹni tí mo ń bá wí.

Baba wo inú ìwé rẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó ní, kò pòórá, nọ́ńbà kẹrin ni.

Mo ní irọ́ ni. Mo ní orí rẹ̀ tẹ̀ sí òsì.

Ó ní, àtànpàkò rẹ ńkọ́?

Àtànpàkò mi. Ẹ wò ó, àpá rẹ̀ rèé, ṣé ẹ rí i? Lọ́jọ́ tí a ká a, mo ká ìdì méjì tán, ọ̀bẹ bọ́, ó gé mi lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n fi pílásítà dì í, mo sì fi ọwọ́ òsì pa orí ìdì kẹta dé. Torí mo fi òsì kọ́ ọmọ yẹn fún odidi oṣù mẹ́rin, ọwọ́ òsì tèmi náà ti mọ̀ ọ́n. Mo gbàgbé. Kò sẹ́ni tó máa gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n mo gbàgbé pátápátá. Baba wá ka ohun tí mo kọ sókè. Ó kà á tán pátá. Ó tiẹ̀ ka ti apẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń lẹ àpótí fi etí aṣọ bo ẹnu.

Ó wá ka ti ọmọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n rántí rẹ̀ dáadáa. Ó kọ ọ́ pé, “Orí ẹ̀kẹrin tẹ̀ sí òsì bíi tèmi, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ká a. Bí wọ́n ṣe ṣẹ́ ewé inú rẹ̀ po, ẹni tó kọ́ mi nìkan ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ń dùn ún lọ́jọ́ náà, kò sì jẹ́ kí sìgá mọ̀. Òun ló dára jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.”

Ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó dára. Ẹ ò ní láti sọ fún mi pé ó dára. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe sí i.

Ọ̀gá ò pariwo. Ó ní ẹni tó bá ti rí ẹni tó ká sìgá kó tó tọ́ sìgá wò, kò lè jókòó sórí àga yẹn. Ó parí. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ níwájú mi lójú gbogbo wọn, ó ní, Màámi, ẹ má bínú. Mo ní, Màámi ta ni? Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó sáré tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì, ó sọ nǹkan kan sínú àpò épírọ́ọ̀nù mi, mi ò wò ó.

Òun nìyí. Ẹ̀kẹta nínú ìdì kẹrin, èyí tó wà lọ́wọ́ baba. Ẹ wo orí rẹ̀.

Ẹ fún mi lọ́bẹ awọ yẹn. Mi ò ní fi gún ẹnikẹ́ni, Bọ̀ọ̀dá, orí rẹ̀ ni mo fẹ́ gé. Ẹ fún mi ní ìṣáná tí ẹ fi ń jó ìdí òwú. Ṣé ẹ mọ ohun tó burú jù? Ti eérú. Mo kọ ọ́ pé eérú rẹ̀ ò dúró. Ó dúró. Mo rí i. Ó gùn tó oríkèé ìka méjì, kò mì, mo fi ìka gbá a dànù kí n lè kọ ọ́ pé kò dúró. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó yín. Ó dáa, owú ni. Ṣé inú yín dùn báyìí? Owú ni.

Ẹ ṣí fèrèsé yẹn, mo mọ̀ pé ẹ máa ń wúkọ́. Ẹ má sọ nǹkan kan ná.

Ó ń ta.

Kò le láti fà.

Ẹ wo iná rẹ̀, yíká ló ń jó, kò fi ẹ̀gbẹ́ kankan sílẹ̀. Ó ti ń rọ̀. Kọfí. Kọfí ni, tí wọn ò bu ṣúgà sí. Ẹ wo eérú yẹn, ẹ má mí sí i. Ta ló mọ̀ pé ọwọ́ òsì mi… Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Ẹ má mú mi rẹ́rìn-ín, eérú náà á já. Ó ti já. Sórí bàtà oníbàtà. Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín náà, torí mo ti jókòó síbí láti ẹ̀ẹ̀kan, mo ń fa sìgá yìí, ẹ sì mọ ohun tó wà lọ́kàn mi? Mò ń jowú ẹni tó ká a.