Àga Iwájú Tí Mo Fi Du Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹrù sí mi láyà. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n mú pasipọ́ọ̀tù mi wá, ohun tí wọ́n sì fẹ́ fi ṣe ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Oníṣòwò obì ni Alhájà, ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìjokù, Ṣàgámù níbí. Àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, Alhájà kì í sì í pẹ́ tún wọkọ̀ òfúrufú lọ wò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀ ọ́, wọ́n ń gba póìǹtì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Tí póìǹtì bá pọ̀ tó, èèyàn lè fi gba àyè ní bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì, níwájú lọ́hùn-ún, níbi tí àga ti ń di ibùsùn.

Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni mo ń bá wọn ṣọ́ ọ lórí fóònù. Bí obì ni Alhájà ṣe ń ṣe é. Obì tí wọ́n bá rà lásìkò tó pọ̀, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á máa ṣà á, títí ọjà á fi gbé owó lé e. "Ṣé àkókò ti tó?" ni wọ́n máa ń bi mí. Èmi á ní ká ṣì ní sùúrù. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ṣé kòkòrò kì í jẹ ẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín.

Ọkọ wọn ti kú, ṣùgbọ́n àwọn àti ìyáálé wọn ṣì jọ ń gbé. Nígbà tí ọmọ ìyáálé bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí ìyá méjèèjì wá bá òun wẹ ọmọ. Orúnkún ń dun ìyáálé. Alhájà pè mí, wọ́n ní, "Àkókò ti tó wàyí. Iwájú ni èmi àti ìyáálé mi máa jókòó sí."

Póìǹtì náà tó ẹni méjì. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo àwòrán àga yẹn, tí mo sì ń rí ara mi lórí rẹ̀. Ojúkòkòrò dà mí láàmú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kòkòrò ti jẹ ẹ́ o. Póìǹtì náà ò tó ju ẹnì kan lọ mọ́." Mo rò pé Alhájà fúnra wọn ló máa gba ti ẹnì kan yẹn, kí ìyókù sì di tèmi lọ́jọ́ iwájú.

Alhájà ò janpata. Kí kòkòrò jẹ obì, ṣé ohun àjèjì ni fún olóbì? Wọ́n ní, "Kò burú. Orúkọ ìyáálé mi ni kó o kọ síbẹ̀. Èmi á wà lẹ́yìn."

Ẹ wo obìnrin! Ẹni tó bá sọ pé orogún kì í ṣe rere, kó wá wo ilé Alhájà.

Nígbà tí wọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ìyáálé ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹsẹ̀ Alhájà wú, bàtà ò wọ̀ ọ́. Ibikíbi tí ìyáálé bá jókòó, wọ́n á máa ròyìn bí àwọn ṣe na ẹsẹ̀ gbalaja, Alhájà á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àwọn náà sùn níbẹ̀. N kò gbọ́ kí Alhájà dárúkọ ẹsẹ̀ wọn tó wú rí. Mo ti rí èèyàn rere o, ṣùgbọ́n n kò tíì rí irú èyí. Ìyáálé á wá kọjú sí mi, "Tíṣà, Ọlọ́run á gbé ẹ síwájú." Àmín mi kì í jáde dáadáa.

Lánàá, Alhájà ní, "Ìwọ tó ń bá mi ṣọ́ póìǹtì látọjọ́ yìí, o ò jókòó síwájú rí. A jọ ń lọ Mẹ́kà ni. Fi gbogbo póìǹtì tó kù àti èyí tó tún wọlé gba tìẹ. Ẹ̀yìn ti mọ́ èmi lára."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ ká tó lọ? Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé irọ́ yìí dé ilé Ọlọ́run? Kì í ṣe ìbínú wọn ló ń bà mí lẹ́rù. Mo mọ Alhájà. Wọ́n á ní ó ti tán, wọ́n á sì tún ní dandan kí n jókòó síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń sùn lórí irú àga bẹ́ẹ̀?