Ó Dàárọ̀, Àǹtí Abẹ́ Tábìlì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú aráfẹ́rakù o. Ọjọ́ tí iṣẹ́ àbúrò màmá mi yìí kọ́kọ́ yé mi, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo rí. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń fi eré tọ́jú àwọn ọmọdé, ẹsẹ̀ méjì yọ síta lábẹ́ tábìlì. Mo figbe ta: "Àǹtí mi! Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Ta ló ṣubú? Bọ́ bàtà rẹ, kó o wọlé."

Ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ló sá síbẹ̀ nítorí ariwo, Àǹtí sì wọlé tọ̀ ọ́. Òkèèrè ni mo ti kọ́ irú iṣẹ́ yìí kí n tó wá bá wọn ṣe é, mo yáa nawọ́ kí n fa ọmọ jáde. Àǹtí gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ti bọ́ọ̀lù kékeré kan sí i. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí ọrùn fi ń dùn mí. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù yí padà wá. Ẹ gbọ́ mi: ibẹ̀ ló ti yé mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé eré ni wọ́n ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣe, iṣẹ́ nìyẹn o! Kí ọmọ lè so okùn bàtà, kó lè bá ẹgbẹ́ ṣeré, kí inú bí i kó má bu èèyàn jẹ. Ọ̀gá ibiṣẹ́ wọn bi wọ́n pé, "Ìyá yìí, ṣé oorun lẹ ń sùn níbẹ̀ ni?" Wọ́n ní, "Ọ̀gá, àyè ṣì wà. Ẹ ṣáà ṣọ́rí." Olóríkunkun ni Àǹtí mi!

Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ yẹn jáde fúnra rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé ikùn: "Ẹ̀rù ń bà mí. Ibí ló wà." Ọdún kan gbáko la fi retí gbólóhùn yẹn. Àǹtí ní, "O ṣé tó o sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wá bá mi níbí."

Wọn ò mọ̀ pé ìpàdé ìkẹyìn nìyẹn. Àwa náà ò mọ̀.

Ní Ìṣẹ́gun yìí, èmi ni màá wà lábẹ́ tábìlì. Iṣẹ́ náà ò bà mí lẹ́rù. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà ní kí n sọ pé Àǹtí rìnrìn-àjò ni. Àǹtí tó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá máa dun ọmọ, wọ́n á ní, "Ó máa dùn ẹ́ o"!

Àǹtí mi, ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Ibi tẹ́ ẹ bá dé, ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ na ẹsẹ̀. Ẹ ti dúró dè wá tó.

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síbí, tẹ́ ẹ ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fọ́mọdé rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bí ọmọ yẹn bá ti bọ́ọ̀lù sí mi, tó ní, "Àǹtí wa ńkọ́?", gbólóhùn wo ni kí n kọ́kọ́ sọ?