Ohùn Ìyá Wa Tó Kú sí Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. "Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Òní ni n ó sọ ọ́, kí n má baà gbé e dé sàréè." Àbúrò rẹ̀ pa á. Ọmọbìnrin àbúrò náà, ẹni ogún ọdún, sún mọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n rò pé àìsàn ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ.

Àìsàn kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n jọ lọ kí ìyàwó ìbátan wọn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n gbé ìkókó fún ọmọbìnrin yìí, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ má gbé e fún mi o, nǹkan máa ń já bọ́ lọ́wọ́ mi." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Ọwọ́ Yọ̀bọ̀rọ̀ ni wọ́n kúkú ń pè é láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rántí ohùn ìyá wa," ló wí. Kí àìsàn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá wọn ni àbúrò ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: ìtàn, orin, orúkọ àwọn ará ilé tó ti lọ, odidi wákàtí mẹ́tàlélógún. Ẹ̀gbọ́n ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, òun ni wọ́n kó o fún. "O bi mí pé, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ibì kan ṣoṣo tí a kó o sí yìí ò léwu?' Mo ní, 'Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ níṣẹ́ mi? Fọkàn balẹ̀.'

"Àlòkù ni háàdì díìsì tí mo kó ohùn náà pa mọ́ sí. Inú kọ̀ǹpútà tí oníbàárà kan pa tì ni mo ti yọ ọ́, mo ní tuntun ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fáwọn oníbàárà pé kò sí háàdì tí kì í kú, pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nílé mìíràn, kí wọ́n máa ṣí wọn wò. Ti ìyá tó bí mi ni mi ò ṣe. Oṣù kan gbáko ni háàdì náà fi ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ta èékánná mọ́ dígí. Mò ń gbọ́ ọ, mò ń sọ pé ó di ọ̀la. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo tàn án, kò dáhùn mọ́."

"Ọjọ́bọ̀ kẹ̀?" ni àbúrò wí. "Ṣebí ọjọ́ Àìkú ni ọmọ yìí gbá a lulẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀. "Háàdì náà ti kú kí ọmọ yìí tó fara kàn án. Mo mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbé e sí etí tábìlì, níbi tó ti máa ń sáré kọjá, mo sì jẹ́ kí okùn rẹ̀ máa fì nílẹ̀. Ìkà ni mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ okùn, háàdì já bọ́, igbe tèmi ló sì pọ̀ jù. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Nígbà tí o ń nà án, èmi ni mo ń sọ pé, 'Ó tó, ọmọdé ni.' Ẹ ń pè mí ní aláàánú."

Ohùn ọmọ náà kò ròkè. "Mọ́mì Ńlá, ṣé kì í ṣe èmi ni mo bà á jẹ́?"

"Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Èmi ni. Dárí jì mí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ láyé, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Má ṣe bíi tèmi."

Àbúrò dìde, ó gba iwájú Ẹ̀gbọ́n kọjá láìwò ó, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó bí.

"Mo nà ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Mò ń nà ọ́, ìwọ sì ń bẹ̀ mí."