Ẹni Àárín Tí Mo Sọ Di Adilémú

Ẹ̀yin kóòṣì ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa, ìwé tí ẹ ní kí n kọ kọ́ ni mo ń kọ yìí. Ẹ ní ẹgbẹ́ ń pé àádọ́ta ọdún, ẹ ní kí Aune Kettula tí ojú rẹ̀ kì í tàsé kọ bí ó ṣe ń wo ọmọ tó ń ṣeré họ́kì orí yìnyín, tí ó fi ń mọ ipò tí Ọlọ́run dá a fún àti ibi tí yóò bá a dé. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀, dókítà ní kí n má fojú sọ́nà fún ìgbà ooru, n kò sì lè fi ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà òwúrọ̀ gba ìyìn tí kò tọ́ sí mi. Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti sáré fún ọdún méjìlá. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo rí ọmọ kan tí Elédùmarè dá ní ẹni àárín, mo mọ̀ ọ́n, mo sì kọ ọ́ ní adilémú tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, nítorí ìlara tí mo ń ṣe sí ìyá rẹ̀.

Raili Haapsalo àti èmi jọ dàgbà ni. Orí adágún dídì kan náà la ti kọ́ bí a ti ń fi bàtà yìnyín onírin sáré, ọ̀pá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá lò tí ó bá sán la jọ ń fi téèpù wé. Ẹni àárín ni àwa méjèèjì. Ẹ mọ̀ pé ẹni àárín ni ọpọlọ ẹgbẹ́: òun ló ń já rọ́bà dúdú tí a ń gbá bíi bọ́ọ̀lù gbà nígbà tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀, òun ló ń sọ̀ kalẹ̀ ran àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́, òun náà ló ń gbé e lọ síwájú. Nígbà tí a pé ọmọ ogún ọdún, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wá ẹni àárín kan péré, wọ́n sì mú Raili. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa méjèèjì jókòó sí ilé ìwẹ̀ olóoru bàbá rẹ̀, mo ní, “Ó tọ́ sí ọ, Raili.” Mo wá ń bu omi lé òkúta gbígbóná léraléra kí ooru rẹ̀ lè bo ojú mi. Raili ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Aune, ṣé o fẹ́ sè wá bí ànàmọ́ ni?” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ooru inú mi ju ti òkúta lọ. Láti ọjọ́ náà, bí àwòrán rẹ̀ bá jáde nínú ìwé ìròyìn, n kì í ka ohun tí wọ́n kọ. Ẹja ni mo ń fi ìwé náà wé. Òun kò mọ̀. Ó ń fi káàdì ránṣẹ́ láti gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ṣeré, ó ń kọ ọ́ pé, “Ìwọ ìbá wà níbí.” Ìfẹ́ ló fi ń kọ ọ́. Èmi ń kà á bí ẹ̀gàn.

Ọdún ń gorí ọdún. Raili fi eré sílẹ̀, ó lọ́kọ, ó bí ọmọ kan ṣoṣo, Vilja. Èmi di kóòṣì, mo wá di ẹni tí wọ́n ń pè láti wo àwọn ọmọ agbègbè wa kí ó sì kọ ìwé nípa wọn ránṣẹ́ sí gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè: orúkọ, ipò, ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Vilja nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ní orúkọ bí n kò bá sọ ọ́. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámú-ṣámú. Kí rọ́bà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ti wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í gbá a síbi tí ẹnìkejì rẹ̀ wà; ibi tí onítọ̀hún ń lọ ló ń gbá a sí. Nínú ọkàn mi, kí n tó lè dá ara mi dúró, mo ti ń kì í: Vilja ọmọ Raili, a-rìn-lórí-yìnyín-bí-ẹja-inú-ibú, a-rí-ọ̀la-kí-òní-tó-lọ, kékeré tí í pín eré fún àgbà bí ìyá ṣe ń pín oúnjẹ. Mo ṣí ìwé àkíyèsí mi, mo kọ ọ́ sí i pé: “Ẹni àárín ni. N kò rí irú rẹ̀ rí ní agbègbè wa. Ẹ mú un.”

Ibẹ̀ ni ìbá ti parí. Ṣùgbọ́n Raili gun àtẹ̀gùn ibi ìjókòó òǹwòran wá bá mi pẹ̀lú ìgò kọfí, ó jókòó tì mí, ó bu fún mi, ó ní, “Sọ òótọ́ fún mi o. Má tìtorí mi purọ́. Kí lo rí?” Mo ní, “Ẹ̀sọ̀ ni, mo ṣì ń wò ó.” Ó ń wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, “Ó sàn jù mí lọ, Aune. Mo rò pé yóò ṣe ohun tí èmi gan-an kò ṣe.” Ìyá ń yọ̀ lórí ọmọ rẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi gbọ́ ni pé wọn kò mú mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún fẹ́ fi mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Raili méjì ni yóò wà báyìí, kò ní sí Aune kankan. Nígbà tí ó lọ, mo ya ewé ìwé náà, mo kọ òmíràn: “Adilémú apá ọ̀tún. Ó wúlò. Kò lè gbé eré.”

Ẹ ó bi mí bí ẹnikẹ́ni kò ṣe fura. Òtítọ́ ni mo fi di ẹrù irọ́ mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: nílẹ̀ wa, àwọn tó ń fi òsì gbá ló pọ̀. Adilémú tó ń fi ọ̀tún gbá ṣọ̀wọ́n bí oòrùn oṣù Kejìlá tí òkùnkùn ń bo ilẹ̀ wa, gbogbo kóòṣì ló ń wá a kiri. Vilja ń fi ọ̀tún gbá. Àṣìṣe wa ni èyí, àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí: bí a bá ti rí ọwọ́ ọ̀tún, a kì í wo ojú ọmọ mọ́. Àwọn mìíràn ń ṣì í ṣe. Èmi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo pe ìyá àti ọmọ wá sílé mi, mo gbé búrẹ́dì dídùn kalẹ̀. Vilja ní, “Adilémú kẹ̀, Kóòṣì? Èmi tí mo kéré báyìí?” Mo ní, “Ẹni àárín pọ̀ bí ẹ̀fọn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ yìí ni yóò gbé ọ dé ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè.” Ó wo ìyá rẹ̀. Raili ronú díẹ̀, ó ní, “Èmi mọ eré ṣe, Aune ló mọ ọmọ wò. Ohun tó bá sọ la ó ṣe.” Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lọ.

Ọdún méjì ni ọmọ náà fi ja ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi orí àti èjìká jù ú lọ ń fi í gbá ògiri ní igun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá ìwọṣọ, ọ̀kan ní, “Vilja, ṣé ògiri yẹn lo fẹ́ fẹ́ ni? Gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ̀ ń dì mọ́ra.” Vilja ní, “Ó ti tọrọ mi lọ́wọ́ màmá mi, owó ìdána ló kù.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́, inú mi sì dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: inú mi dùn. Ní alẹ́ mo ń kúnlẹ̀ tọrọ ìdáríjì fún ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ líle tí mo sọ sí aládùúgbò, ààwẹ̀ tí n kò gbà parí. Èyí tó tóbi, mo fo orúkọ rẹ̀ bí ẹni fo ìgbẹ́ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí Vilja pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Terhi, tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè jọ ní gúúsù, pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Aune, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín léèrè. Ọmọ Haapsalo yẹn. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Adilémú lẹ kọ, ṣùgbọ́n ó ń wẹ̀yìn bí ẹni àárín. Ṣé ẹ ti dán an wò níbẹ̀ rí?” Ilẹ̀kùn àánú nìyẹn, Ọlọ́run ló ṣí i fún mi. Mo fi ọwọ́ ara mi tì í. Mo ní, “A ti dán an wò dáadáa. Bí wọ́n bá ti ju rọ́bà sílẹ̀, àyà rẹ̀ a já. Ojo ni.” Terhi ní, “Ó yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ sá mọ̀ ọ́n.” Ọmọ tí wọ́n ń fi gbá ògiri lójoojúmọ́ tí ó tún ń dìde, òun ni mo pè ní ojo.

Síbẹ̀, èyí tó burú jù kù. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ń fi ẹ̀rọ pọ́n ẹnu irin bàtà yìnyín, Vilja wọlé wá bá mi. “Kóòṣì, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Ẹ má bínú.” Mo ní kí ó máa bi mí. Ó ní, “Bí mo bá wà lẹ́yìn, mo ń rí i. Mo ń rí ibi tí gbogbo wọn ń lọ kí wọ́n tó lọ, bí ẹni pé ẹnìkan ti ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. N kì í sì lè débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé n lè padà sí àárín? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Bí n kò bá lè ṣe é, n kò ní sọ ọ́ mọ́.” Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo wo ojú rẹ̀, ojú tí mo ti kì nínú ọkàn mi, mo ní, “Ohun tó o rò pé ò ń rí yẹn, o kò rí i. Mo ti wo ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún, mo mọ ojú tó ríran. Tìrẹ kò ríran. Ọwọ́ nìkan lo ní.” Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ó ní, “Mo gbọ́, Kóòṣì. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ fún mi.” Bí ó ti ń jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé kí atẹ́gùn tútù má bàa fẹ́ sí mi.

Kí ọdún tó yípo, ó ti fi eré sílẹ̀. Raili gbé ìgò jáàmù wá fún mi, ti èso àbàtà tí à ń wọ ẹrẹ̀ ká kí a tó rí ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó ń sunkún, ó ní, “O ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe fún un. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n lóore.” Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí Raili wá wò mí, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Kò dá ọwọ́ dúró títí ó fi hun ìlà náà tán. Ó ní, “Ṣé láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi ni?” Mo ní, “Láti ìgbà náà.” Ó ní, “Kí ló dé tí o kò fi bá mi jà? Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, ara mi le, ǹ bá gba ẹ̀ṣẹ́ náà. Kí ló dé tí o fi tọ́jú ẹ̀ṣẹ́ pamọ́ de ọmọ mi?” Ó di òwú rẹ̀, ó ní, “Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀.”

Vilja wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti di olùkọ́ ìṣirò ní ìlú kejì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn, kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Mo rò ó tán. “Ọdún mẹ́wàá,” ni ó wí. “Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń rí nǹkan tí mo sì ń sọ fún ara mi pé n kò rí i. Ẹ má rò pé orí yìnyín nìkan ni. Ọkùnrin tí mo fẹ́, mo rí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní pé kì í ṣe ènìyàn. Mo ní, ‘Vilja, ojú rẹ kò ríran, Kóòṣì ti sọ bẹ́ẹ̀.’ Ọdún mẹ́rin ni mo lò nílé rẹ̀.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ mi sí i, ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ̀mí yín kúrú, ẹ lè kú kí ẹ tó sọ ọ́ dé ìdajì.” Kò sọ pé òun dárí jì mí. Kò sọ pé òun kò ní dárí jì mí. Ó lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́. Vilja, mo tọrọ àforíjì, n kò sì ní kí o yára. Raili, ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́. Olúwa, Ìwọ tó rí ìdí òkun, Ìwọ ti rí tèmi tipẹ́. Ṣàánú fún mi. Ẹ̀yin kóòṣì tuntun, ẹ kọ́ bí a ti ń wo ẹsẹ̀, ẹ kọ́ bí a ti ń wo ọwọ́, ẹ ka iye ìgbà tí ọmọ wẹ̀yìn kí rọ́bà tó dé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó ti ọmọ kan tí ẹ̀ ń wò ó, tó wá jẹ́ pé ojú ìyá rẹ̀ lẹ̀ ń rí, ẹ dìde. Ẹ fún ẹlòmíràn ní bírò.