Ẹ Kú Àlejò

Ṣé ó ti ń gba ohùn mi sílẹ̀, fóònù yẹn? Ìwọ Tèmi, má tì í bọ̀ mí lẹ́nu, n kò ní jẹ ẹ́... Ó dáa.

O ní kí n sọ bí a ṣe máa ń tún ilé ṣe fún àlejò ọdún láyé tiwa, torí pé láti àná lẹ ti ń so iná wínníwínní mọ́ wíńdò. Ẹ jókòó nígbà náà. Dékúnlé, pa tẹlifíṣọ̀n yẹn.

Nígbà tí orí mi ṣì dúdú, tí mo lè gbé korobá omi láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé láì mí hẹlẹ, Agége là ń gbé. Yàrá kan. Mo ní kan o! Èmi, bàbá yín àgbà, Káyọ̀dé tó bí yín, àti Bùnmi àbúrò rẹ̀. Àwọn yàrá tó kọjú síra ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, sítóòfù oníkálukú lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Tí ẹnì kan bá ń dín ẹja ní yàrá ìkẹyìn, gbogbo wa la ó jọ máa wúkọ́.

Ìgbà ológun ni, ìgbà Sáàpù. Ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn rí? Sáàpù! Ohun tó o rà láàárọ̀, tó o bá padà lọ nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Iléeṣẹ́ aṣọ ní Ìkejà ni bàbá yín àgbà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í sùn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, sísùn rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwa ará Èkìtì tí a máa ń kún inú ọkọ̀ lọ sílé ní Kérésì, a wá ń kí ara wa kú ọdún ní Agége.

Àsìkò òjò ọdún yẹn ni bàbá mi kú. Màámi wá ku àwọn nìkan nínú ilé ńlá lọ́hùn-ún, nílé. Èmi nìkan ni ọmọ wọn tó kù láyé. Ẹ gbọ́ o, èmi nìkan. Ọkàn mi ò balẹ̀. Tí wọ́n bá ṣubú ńkọ́? Ta ni yóò gbọ́? Mo ní kí wọ́n wá máa bá wa gbé. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, níbo lẹ fẹ́ fi mí sí nínú yàrá kan?” Mo bẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó ṣe, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe Kérésì, pé àwọn á wò ó bóyá ààyè wà.

Bóyá ààyè wà... Mo ní háà! Ààyè á wà. Tipátipá ni yàrá yìí máa fẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́. A kó gbogbo ẹrù síta lọ́sàn-án gangan, gbogbo ayé ń wo ìdí ìkòkò wa. Bàbá yín àgbà kun ògiri ní ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run. A fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè kí àpótí lè wọ abẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ wọn máa ń ta aṣọ tí ìtẹ̀ rẹ̀ ṣì fún àwọn òṣìṣẹ́: òdòdó á wà, ewé rẹ̀ á ti sá lọ síbòmíràn. Òun ni mo fi rán kọ́tìnnì, òun ni mo fi bo ìrọ̀rí, òun ni mo tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, òun náà ni mo fi bo tẹlifíṣọ̀n wa tí kì í sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ ó rò pé inú ọgbà lẹ wà. Alhaja, ìyá onílé wa, ọmọ Agége gidi, gbé fóòmù tuntun wá. Ó ní, “Ìyá ẹ ò ní sùn sórí koríko nílé tèmi o.” Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ká ẹní wọn lọ sí yàrá Alhaja. Èmi àti ọkọ mi, ilẹ̀ ni, lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo lọ sí Oko Ọba fúnra mi, mo bá alápatà jà lórí ẹran. Ọkọ mi kàn ń wò mí. “Ìyá Káyọ̀dé, ṣé gómìnà ológun ló ń bọ̀ ni?” Mo ní kó mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Màámi dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bọ́ bàtà. Mo ní kí wọ́n má bọ́ ọ. Wọ́n ní ilẹ̀ yìí mọ́ jù. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀... “Àbẹ̀kẹ́, ilé yín mà dára o.” Inú mi dùn! Mo ní ó ti bọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo jí, mo bá wọn tí wọ́n ti mú ìgbálẹ̀. Mo gbà á. “Màámi! Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ jókòó.” Wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n gbé iṣu wá káwọn bá mi bẹ ẹ́. “Ẹ sinmi, Màámi.” Wọ́n fẹ́ wẹ̀ fún Bùnmi, mo ní omi á ta sí wọn láṣọ. Kí ni n kò gbà lọ́wọ́ wọn? Obìnrin tó ti ń lọ sóko láti kékeré! Mo fi wọ́n jókòó sórí tìmùtìmù olódòdó, mò ń gbé oúnjẹ wá, mò ń gbé àwo kúrò. Mo rò pé ìkẹ́ ni. Ìkẹ́ náà sì ni o! Ẹ má rò pé mò ń tọrọ àforíjì. N kò ṣẹ̀ wọ́n. Mo kẹ́ wọn ni.

Àwọn tá a jọ ń gbé nílé, ọmọlúàbí ni wọ́n. Kò rí bíi tòní tí èèyàn ò mọ orúkọ ẹni tí ògiri wọn jọ kan ara. Tí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á yọjú: “Ìyá Káyọ̀dé, ẹ kú àlejò o!” Èmi náà á dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín: “Ẹ ṣeun o. Àlejò ayọ̀ ni gbogbo wa á máa gbà o.” Láàárọ̀, ẹ kú àlejò. Tí mo bá ń pọn omi, ẹ kú àlejò. Kí ló burú nínú ẹ̀? Bí Yorùbá ṣe ń kíra nìyẹn. Màámi sì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n ń gbọ́.

Ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, mo ti ọjà dé, mo bá ẹrù wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti dì í.

“Màámi, níbo?”

“Ilé.”

“Ilé wo? Ṣé ẹ ò rí ààyè ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ààyè wà, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ ṣe mí lálejò dáadáa. Kò ní rẹ̀ yín o.”

Mo kúnlẹ̀, mo sunkún. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n. Alhaja bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní àwọn adìyẹ àwọn á ti máa wá àwọn. Adìyẹ! Inú bí mi. Mo ní tí adìyẹ bá jù mí lọ, kí wọ́n máa lọ bá adìyẹ. Ẹnu mi nìyẹn, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Wọ́n lọ. Òjò ọdún náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní Màámi sùn, wọn ò jí. Ọ̀sán pọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kanlẹ̀kùn wọn... Ọ̀sán pọ́n o, ọmọ mi. Ohun tí mo ń sá fún gan-an ni.

A sin wọ́n tán, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin gbé àgò adìyẹ wá síwájú mi. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, adìyẹ ìyá rẹ nìyí.”

Mo ní, “Báwo ló ṣe dọ́wọ́ yín?”

Ó ní, “O ò mọ̀ ni? Nígbà tó ń lọ sọ́dọ̀ yín ló kó gbogbo wọn fún mi. Ó ní òun ò padà mọ́, òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun. Ìgbà tó wá padà, ojú ń tì í láti gbà wọ́n. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní gbogbo ilé ló ń kí ọmọ òun kú àlejò, ọmọ òun sì ń jẹ́ ẹ. Ó ní bó ti wù kó pẹ́ tó, àlejò á relé.”

Ẹ bá mi rò ó. Gbogbo ọ̀dà yẹn, gbogbo òdòdó yẹn, kí wọ́n lè gbà láti dúró ni. Wọ́n ti gbà kí ojú wọn tó kan ọ̀dà.

Hùn... Ayé ti yàtọ̀. Ẹ kọ́lé sí Omole, ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àlejò, ẹ fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ó dáa fún àlejò. Ṣùgbọ́n tí ìyá tó bí yín bá darúgbó, tó ní òun ń bọ̀ wá bá yín gbé, mo bẹ̀ yín, ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ jẹ́ kó bá yín nínú wúruwùru yín. Ẹ rán an níṣẹ́. Ẹ bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ kọ́mọ tọ̀ sí i láṣọ. Ibi tí ariwo bá pọ̀ sí nínú ilé, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹní rẹ̀ sí.