Màrìwò Tí Mo Fà Já Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Mi

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni a wọ Sáà Bíbọ̀ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlá, àbẹ́là àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin sì ti jó níwájú pẹpẹ. Gbogbo àdúgbò ti ń múra ọdún Kérésìmesì. Àwọn kan so iná aṣẹ́jú, èyí tó ń tàn tó ń kú bí ẹni tó ń ṣẹ́jú síni. Àwọn mìíràn gé tákàdá aláwọ̀ mèremère, wọ́n so ó kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n yí ògiri ká. Ilé tiwa nìkan ló wà lásán. Ìyàwó mi kò dárúkọ ẹ̀ṣọ́ sí mi létí, èmi náà kò sì dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá tó bí mi wà láàyè, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Iresi ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin, ó sì di ọdún kan báyìí. Èmi ni mo lé wọn. N kò fi pàṣán lé wọn, n kò pè wọ́n lẹ́jọ́. Ahọ́n mi ni mo fi lé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí ni ọmọ tó fi ahọ́n lé bàbá rẹ̀ kúrò nílé yóò máa pe ara rẹ̀?

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì tún jẹ́ òǹkàwé-ìjọ, ẹni tó ń wàásù nígbà tí àlùfáà kò bá sí nílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ pé n kì í fẹ́ àmúlùmálà. Ẹni tó bá pe ẹ̀rọ alágbèéká ní fóònù níwájú mi yóò tún un pè. Bí mo ṣe rí sí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo rí sí ẹ̀sìn. Bàbá mi ní tiwọn, agbolé alágbẹ̀dẹ ni a bí wọn sí, ìdí Ògún ni wọ́n ti dàgbà. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni wọ́n tó gba ìrìbọmi, tàwọn ti ewú lórí. Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Àṣé ìgbàgbọ́ wọn nìkan ni mo ń fẹ́. Àwọn gan-an, n kò gbà wọ́n gbọ́.

Nígbà tí Sáà náà wọlé lọ́dún tó kọjá, èmi ni ìwàásù kàn. Mo bínú sí igi ọdún oníke tí wọ́n ń kó wọ̀lú láti òkèèrè. Mo ní òwú funfun tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn lára yẹn, kí ló kàn wá níbẹ̀? Òjò dídì wo ló rọ̀ rí ní Ìlá, nínú ọyẹ́ tó ń la ètè yìí? Mo gbóhùn sókè pé, “Ẹ fi ohun ilẹ̀ wa ṣe ilé yín lọ́ṣọ̀ọ́ de Olúwa!” Ìjọ ṣe àmín. Bàbá mi wà ní ìjókòó kẹta, wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn pé wọ́n gbọ́. N kò ronú pé ẹni tó gbọ́ lè lọ ṣe é.

Ní ìjọ wa, bí Sáà náà bá ti dé, ìgbìmọ̀ àbẹ̀wò máa ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì wo bí onílé ṣe ń múra. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé ìwàásù mi ni wọ́n yà sọ́dọ̀ wa. Mo lọ pàdé wọn lọ́nà. Bí a ṣe yọ sí ilé wa, ohun tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo jáde ni mo rí. Màrìwò! Ọ̀gọ̀mọ̀ ọ̀pẹ tútù yọ̀yọ̀ ni wọ́n ya, tí wọ́n ta láti òpó dé òpó lókè ẹnu ọ̀nà, tó ń rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ ìkélé. Bàbá mi dúró sábẹ̀ rẹ̀ nínú dàńṣíkí funfun, ojú wọn ń dán. Ọmọ Yorùbá kò ní bi mí pé kí ló dé. Ibi tí a bá ta màrìwò sí, a mọ irú ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Ìjọ, ọlọ́yàyà obìnrin tí ẹ̀fẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, pàtẹ́wọ́. “Olùkọ́ o! Ṣé ilé yín la dé yìí, àbí ìdí Ògún lẹ ń kó wa lọ? Èmi ò mú ajá lọ́wọ́ o!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ìjọ. Ọba ló ń bọ̀. Olùkọ́ ló ní ká fi ohun ilẹ̀ wa ṣe é.”

Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè gbé mì. Mo nawọ́ sókè, mo fa màrìwò náà já. “Bàbá, ẹ dójú tì mí! Omi ìrìbọmi ti gbẹ lórí yín, irin ṣì wà lọ́kàn yín. Abọ̀rìṣà ni yín, abọ̀rìṣà náà lẹ ó sì kú!”

Ìyá Ìjọ ní, “Olùkọ́, àwàdà ni mo ṣe o.” Ó ti bọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàwọn ti ẹ̀yìn tó ti tẹ̀, wọ́n ń ṣa ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó bá wọn ṣa á. A wọlé. A kọrin. Èmi ni mo gbàdúrà ìparí! Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n di ẹrù kékeré kan, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Iresi. Èmi náà gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo ka Bíbélì fún ìjọ, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwàásù tèmi ni bàbá mi tẹ̀ lé.

Ìgbà mẹ́fà ni mo ti lọ bẹ̀ wọ́n. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn kì í bínú. Ìbínú ì bá sàn fún mi. “Ẹ káàbọ̀, Olùkọ́. Ẹ jókòó. Ṣé kí wọ́n bu omi wá fún yín?” Bí ẹni ń bá àlejò ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀! Mo ní, “Bàbá, èmi ọmọ yín mà ni.” Wọ́n ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tí abọ̀rìṣà bí.” Àbúrò wọn sọ fún mi pé wọn kò yà sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan mọ́, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí wọn kì í kúnlẹ̀. Nígbà tó bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, “Èmi àti Jésù kò jà.”

Ìyàwó mi ti wí tirẹ̀: “Bàbá Àdùkẹ́, gbangba lẹ ti bú wọn, kọ̀rọ̀ lẹ ti ń bẹ̀ wọ́n.” Àlùfáà wa ní kí n rọra, pé bí òǹkàwé-ìjọ bá ń tú ara rẹ̀ fó níwájú ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ kò ní bọ̀wọ̀ fún un mọ́. Mo fi ara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tán: kì í ṣe àlùfáà ló dá mi dúró. Ìtìjú ni. Ìtìjú tó mú mi fa ewé já náà ló di ẹnu mi mú títí di òní.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, èmi ni ìwàásù tún kàn. Ṣé kí n sọ ọ́ níbẹ̀, lójú Ìyá Ìjọ àti gbogbo wọn, bí bàbá mi kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láti gbọ́? Àbí kí n kó ìgbìmọ̀ náà lẹ́yìn lọ sí Iresi, kí n jẹ́wọ́ lójú àwọn tó gbọ́ èébú náà? Bí Bàbá bá tún ní kí n jókòó, kí n mu omi ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ bàbá yín rí, tí ẹ sì rí ojú rere wọn gbà padà, ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn. Lánàá ni àbúrò wọn ránṣẹ́ sí mi pé ṣíbí mẹ́ta péré ni wọ́n ń mu nínú ẹ̀kọ báyìí, wọ́n á ní ó ti tó.