Ohun Tí Mùríìdì Túmọ̀ fún Ará Kútọ̀nú

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Mùríìdì ní tirẹ̀ kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Inú ilé rẹ̀ gan-an, ní Tchaada, ni òtítọ́ ti bá a, lójú àwọn àlejò tó wá láti Lagbé.

Àlàní ló ṣáájú àwọn àlejò náà. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ Fàtímọ̀, ọmọ àbúrò Mùríìdì tó ti kú, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n so yìgì. Àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe kò dùn mọ́ wọn.

"Alága, ẹ̀yin ni bàbá ọmọ báyìí," Àlàní rọra sọ ọ́. "A gbọ́ pé wèrè ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ní Wèrè Odò làwọn ọmọdé ń pè é. Tó bá jẹ́ òótọ́, a ó rọra fà sẹ́yìn láìsí ariwo. Wèrè kì í ṣe ohun tí à ń gbé wọ ìdílé."

Mùríìdì wo ẹnu ọ̀nà. Hàsíátù, ìyá Fàtímọ̀, ló jókòó níbẹ̀, ó káwọ́ lé itan. Òun ló tọ́jú ọkọ rẹ̀, àbúrò Mùríìdì, títí tí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sì ráhùn rí. Ojú ti Mùríìdì. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni báyìí, ọ̀rọ̀ parí, àṣírí rẹ̀ sì bò.

"Kò ya wèrè," ó ní. "Èmi ni mo sọ ọ́ di wèrè. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, ó ti ń jẹ mí nínú.

"Ẹ mọ̀ pé èmi ni alága ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ. Àwọn tó ń ra epo wa ní àfi ká gba sẹ̀tífíkà, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ wa mọ́. Wọ́n rán Mùsíọ̀ Cyprien wá láti Kútọ̀nú. Ó wá wò ó bóyá a ò ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, bóyá ará àdúgbò àti òṣìṣẹ́ ń rí ìtọ́jú, bóyá ẹgbẹ́ ń gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n bá mú wá. Bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí ẹkù tí a ti ń fún epo ń gba kòtò kan lọ sódò. A fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ọkùnrin náà rìn kọjá lẹ́bàá rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ó dára. Ó wá ní òun fẹ́ bá ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi tí mo ka ìwé díẹ̀ ni mo ń túmọ̀ sí Faransé. Hàsíátù, tó ń gbé níbẹ̀, ní omi ti dúdú, ewúrẹ́ òun méjì mu ún, wọ́n kú, Fàtímọ̀ sì fi inú rírun sùn sí ọsibítù. Mo sọ fún Cyprien pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

"Ì bá sàn ká ní mo dúró síbẹ̀. Cyprien ní, 'Tó bá ń dúpẹ́, kí ló dé tó ń sunkún?' Ẹnu mi ò tiẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tì. Mo ní kó má dá a lóhùn, pé orí rẹ̀ kò pé mọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ikú àbúrò mi ni mo fi bo kòtò yẹn. Akọ̀wé wa tó gbọ́ Faransé rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Alága, ẹ gbà wá.' Òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìgboro, orúkọ sì mọ́ ọn lórí. Sẹ̀tífíkà náà nìyẹn lára ògiri."

Kò sẹ́ni tó wo ògiri. Mùríìdì, àgbà ilé, kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó ní kó foríji òun nítorí Ọlọ́run.

"Ẹ dìde, ọkọ mi," Hàsíátù ní. "Yorùbá lẹ fi jẹ́wọ́. Faransé lẹ fi sọ mí di wèrè." Ó mú fóònù Mùríìdì lórí tábìlì, ó nà án sí i. "Ẹ pe ará Kútọ̀nú náà."

Mùríìdì gba fóònù náà. Ó mọ̀ pé ìpè yìí lè gba sẹ̀tífíkà lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Ó pè é náà. Ó sọ Faransé títí, ó wá ń tẹ́tí.

"Kí ló wí?" Hàsíátù bi í.

"Ó ní kí lo sọ gan-an lọ́jọ́ náà."

Hàsíátù fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ látorí omi. Mùríìdì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dé orí àwọn ewúrẹ́, Àlàní ní kí wọ́n bá òun bu omi mímu fún àna òun.